AJÁ TÍ Ó GA JU TÁBÌLÌ LỌ
Ọ̀rọ̀ nípa Ajá-Ìkookò ilẹ̀ Ireland, àti sùúrù tí ó yẹ ẹni tí yóò tọ́ ọ

Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ajá. Ọdẹ ayé àtijọ́ kò jẹ́ wọ igbó láìmú un lẹ́yìn, kò sì sí ọmọ tí ó jókòó nídìí àlọ́ tí kò gbọ́ ti ọdẹ tí àwọn ajá rẹ̀ mẹ́ta gbà lọ́wọ́ ikú. Àwọn àgbà a sì máa wí pé ajá tí ó bá ní ènìyàn lẹ́yìn ni í pa ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n ajá tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe irú èyí tí ń sùn lábẹ́ àga. Bí ó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oúnjẹ yín, kò ní í fò rárá kí ó tó kó ẹran inú àwo. Ọrùn ni yóò kàn nà. Irish Wolfhound ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Àwa yóò máa pè é ní Ajá-Ìkookò, nítorí pé ìkookò, ẹranko búburú nì tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, ni a fi í dọdẹ rẹ̀ ní ìgbà láéláé.

Ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ Kennel Club ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀, akọ rẹ̀ tí ó ti dàgbà kò gbọdọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 79 láti ilẹ̀ dé èjìká, kò sì gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kílógíráàmù 54.5 lọ. Abo rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 71, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí kílógíráàmù 40.9. Èyí tí ó kéré jù lọ nìyẹn o. Ohun tí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ń fẹ́ fún akọ ni sẹ̀ǹtímítà 81 sí 86. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, tí ó sì gbé ẹsẹ̀ iwájú lé ọkùnrin léjìká, òun ni yóò máa wo ọkùnrin náà láti òkè.

Ǹjẹ́, ohun kan wà tí ẹni tí ó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í rò. Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn. Ajá kékeré a máa lo ọdún 12 tàbí 14 láyé. Ajá-Ìkookò kì í sábà ju nǹkan bí ọdún 7 lọ, ẹni tí tirẹ̀ bá sì pé ọdún 10 a máa fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Ohun tí a fi ń yìn ín gan-an ni ó ń gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú: ìtóbi rẹ̀ ni. Nítorí pé ọjọ́ náà kúrú, ọkàn ènìyàn a máa sáré. A ó kánjú rà á, a ó kánjú bọ́ ọ kí ó lè tóbi, a ó kánjú mú un lọ sí ìdíje, a ó sì kánjú jẹ́ kí ó bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kò sí ẹran ọ̀sìn tí ìkánjú olúwa rẹ̀ ń pa lára tó ajá yìí, èyí ni a sì fẹ́ fi yé ẹ̀yin ará ilé tí ẹ bá ń ro ajá ńlá rírà.

BÍ Ó TI FẸ́RẸ̀Ẹ́ PARẸ́ KÚRÒ LÁYÉ

Ajá yìí ti lókìkí tipẹ́tipẹ́. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ìjòyè Róòmù kan tí ń jẹ́ Symmachus kọ̀wé sí arákùnrin rẹ̀ láti dúpẹ́ fún ajá 7 tí ó fi ránṣẹ́ sí i láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ireland, ó sì ròyìn bí ẹnu ti ya gbogbo ìlú Róòmù nígbà tí wọ́n rí wọn. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àwọn ọba àti àwọn ọlọ́lá a máa fi irú ajá yìí ta ara wọn lọ́rẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di pé kò pọ̀ mọ́ nílé. Ní ọdún 1652, nígbà tí ìkookò ń yọ àwọn àgbẹ̀ Ireland lẹ́nu, ìjọba Cromwell pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ajá náà jáde kúrò ní ilẹ̀ náà mọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ajá náà ń ṣe dáadáa ni ó wá sọ ọ́ di aláìníṣẹ́. Kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, a ti pa gbogbo ìkookò Ireland tán. Ajá tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ń jẹun púpọ̀, ta ni yóò sì máa bọ́ ọdẹ tí kò ní ẹran tí yóò lé mọ́? Nígbà tí ìyàn ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1845 sì dé, tí àwọn ènìyàn fúnra wọn kò rí oúnjẹ jẹ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó kù, èyí tí ó sì kù náà kò tóbi bí ti àwọn baba wọn.

Ẹni tí ó dìde sí ọ̀ràn yìí ni ọ̀gágun kan, Captain George Augustus Graham, tí ó gbé ayé láti 1833 sí 1909, tí ó sì fi agbègbè Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ibùgbé. Láti àwọn ọdún 1860 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí ó ṣẹ́kù kiri. Nítorí pé wọn kò pọ̀ tó, ó mú ajá àgbọ̀nrín ti ilẹ̀ Scotland, tí ó jẹ́ ìbátan wọn, ó fi dà wọ́n pọ̀. Ó tún fi ajá Great Dane kún un fún ìtóbi, àti Borzoi ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ó ń kọ orúkọ ìyá àti baba ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ó ń yàn, ó ń tún yàn. Iṣẹ́ yìí gbà á ju ogún ọdún lọ. Ní 1885 ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ajá-Ìkookò sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé ìlànà kalẹ̀ nípa bí ajá náà ti yẹ kí ó rí. Ní 1902 ẹgbẹ́ yìí fi ajá kan ta àwọn ọmọ-ogun Irish Guards lọ́rẹ, títí di òní olónìí ni Ajá-Ìkookò sì ń rìn níwájú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun náà nígbà tí wọ́n bá ń yan.

Àwọn ogun ńlá méjèèjì ti ọ̀rúndún tí ó kọjá tún mú kí wọ́n dínkù, nítorí pé oúnjẹ ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn ogun kejì, àwọn tí ó kù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti di ẹbí kan ṣoṣo, a sì ní láti mú akọ ajá wá láti Amẹ́ríkà kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè wọ inú ìdílé wọn. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ àrùn tí a ó sọ níwájú ti inú ìsopọ̀ mọ̀lẹ́bí bẹ́ẹ̀ wá.

ỌMỌ AJÁ NÍNÚ ILÉ

Abo Ajá-Ìkookò a máa bí ọmọ 6 tàbí 8 lẹ́ẹ̀kan, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá náà wúwo, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì tó kílógíráàmù kan lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jókòó lé ọ̀kan lórí láìmọ̀, ó ti pa á. Nítorí náà àwọn olùtọ́jú tí ó mọṣẹ́ a máa kan àpótí ìbímọ tí ó gbòòrò, wọn a sì kan igi yí inú rẹ̀ ká, kí ọmọ lè rí àyè sá sí lábẹ́ rẹ̀. Wọn a máa jókòó tì wọ́n tọ̀sán-tòru fún bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Bí ìyá ọmọ tuntun ti ń ṣe àìsùn nínú ilé yín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe é nítorí ajá.

Lẹ́yìn náà ni ìdàgbàsókè tí ó ya ni lẹ́nu yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mọ̀ pé ọmọ ènìyàn a máa di ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n tí a fi bí i nígbà tí ó bá pé ọmọ ọdún kan. Ọmọ Ajá-Ìkookò, láàrin ọdún kan náà, a máa di bí ìlọ́po 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ẹ gbé lọ́wọ́ kan ní oṣù kejì yóò ti wúwo ju ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ kí ó tó pé oṣù mẹ́fà. Bí ó ti wù kí ó ga tó ní ìgbà náà, ọmọdé ni ó ṣì jẹ́ nínú egungun àti nínú ọgbọ́n, kò sì ní í di àgbà tán kí ó tó pé ọdún 2 tàbí 3.

Níhìn-ín ni ìkánjú àkọ́kọ́ ti ń wọlé. Olówó ajá a máa rò pé bí oúnjẹ bá ti pọ̀ tó ni ajá yóò ti ga tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gíga tí ajá yóò ga, láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá àti baba rẹ̀ ni ó ti wá. Oúnjẹ àpọ̀jù kò lè fi kún un, ìsanra nìkan ni yóò mú wá, ìsanra náà yóò sì di ẹrù lórí egungun tí kò tí ì gbó. Àwọn mìíràn a máa da ìyẹ̀fun egungun tàbí oògùn káṣíọ̀mù sínú oúnjẹ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè le. Àwọn oníṣègùn ẹranko ní Utrecht, ní ilẹ̀ Netherlands, fi àwọn ọmọ ajá Great Dane dán ọ̀ràn yìí wò, wọ́n sì rí i pé káṣíọ̀mù àpọ̀jù a máa ba egungun ọmọ ajá ńlá jẹ́, ẹsẹ̀ a sì wọ́. Ohun tí a pè ní ìrànlọ́wọ́ ni ó di ìpalára. Oúnjẹ tí a pèsè fún ọmọ àwọn ajá ńlá, tí a wọ̀n níwọ̀n, tí a sì pín sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ti tó. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa á ní ẹ̀gbẹ́, ó yẹ kí ẹ lè ka ìhà rẹ̀ lábẹ́ awọ.

Bákan náà ni ti ìrìn. Kí ọmọ ajá máa ṣeré nínú ọgbà bí ó ti fẹ́, kí ó sì máa sùn nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe fà á lọ sí ìrìn gígùn lórí ọ̀nà líle, ẹ má sì jẹ́ kí ó máa gun àtẹ̀gùn sókè-sódò tàbí kí ó máa fò sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, títí ọdún àkọ́kọ́ yóò fi kọjá. Ilẹ̀ dídán kò dára fún un, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa yọ̀. Ẹ tẹ́ ibùsùn tí ó fẹ̀, tí ó sì rọ̀ fún un. Ajá tí ó wúwo, bí ó bá ń sùn lórí sìmẹ́ńtì, ìgúnpá rẹ̀ yóò wú.

ÌWÀ RẸ̀ LÁÀRIN ILÉ

Ẹni tí ó bá rò pé ajá gíga yìí yóò máa gbó mọ́ olè ní ẹnu ọ̀nà yóò rí ìjákulẹ̀. Ajá-Ìkookò jẹ́ onínú tútù. Ọ̀rẹ́ ni ó ń ka àlejò sí, kì í sì í pariwo púpọ̀. Ẹni tí ó bá ń nà án tàbí tí ó ń jágbe mọ́ ọn, ẹ̀rù ni yóò kọ́ ọ, kì í ṣe ìgbọràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọdẹ ṣì ń bẹ lára rẹ̀. Ojú ni ó fi ń dọdẹ, kì í ṣe imú nìkan. Bí ó bá rí ohun tí ń sá lọ lókèèrè, ìbáà ṣe ewúrẹ́, àgùntàn tàbí ológbò aládùúgbò, ó lè gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, ajá tí yóò sì sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nítorí náà ọgbà tí ó ga, tí ó sì le, kò ṣeé yọ̀ǹda, okùn ọrùn rẹ̀ sì gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ àgbàlagbà. Àti nítorí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́: kò ní í bù wọ́n jẹ, ṣùgbọ́n ó lè yí padà lójijì kí ó sì gbá wọn lulẹ̀, ìrù rẹ̀ a sì máa gbá ife tíì kúrò lórí tábìlì bí ìgbálẹ̀.

Ìtàn kan wà ní ilẹ̀ Wales tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní ajá ńlá gbọ́. Ní abúlé Beddgelert, ibojì kan wà tí àwọn àlejò ń lọ wò. A ní Llywelyn, ọmọ-aládé Wales ní ọ̀rúndún kẹtàlá, lọ sí igbó ọdẹ ní ọjọ́ kan, kò sì rí Gelert, ààyò ajá rẹ̀, láàrin àwọn yòókù. Nígbà tí ó padà dé ilé, ajá náà sáré wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Llywelyn wọ yàrá, ó rí ibùsùn ọmọ rẹ̀ jòjòló ní dídojúdé, ilẹ̀ sì kún fún ẹ̀jẹ̀. Láìbéèrè, láìwádìí, ó fi idà gún ajá náà. Igbe ikú rẹ̀ kò tí ì parí nígbà tí ohùn ọmọ dáhùn lábẹ́ ibùsùn. Baba gbé e sókè, ó bá ọmọ rẹ̀ láàyè, òkú ìkookò ńlá kan sì nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìtàn ti fi hàn pé irú ìtàn yìí ti wà ní ilẹ̀ mìíràn, títí dé ilẹ̀ Índíà, àti pé onílé-àlejò kan ni a gbọ́ pé ó gbé òkúta ibojì náà kalẹ̀ ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, kí àwọn arìnrìn-àjò lè máa yà sí abúlé náà. Bí ìtàn náà kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ rí, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò ṣákìí. Ìtóbi ajá kì í ṣe ẹ̀rí ìwà ibi rẹ̀, ìkánjú olúwa rẹ̀ sì ni ó pa á.

NÍ AGBO ÌDÍJE

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo bí a ti ń mú wọn lọ síwájú àwọn onídàájọ́. Ìdíje ajá tí ó lókìkí jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Crufts, tí oníṣòwò kan, Charles Cruft, bẹ̀rẹ̀ ní Islington ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1891. Láti 1991 ni ó ti kó lọ sí Birmingham, àwọn ará wa tí ń gbé ní ìlú náà sì lè fi ojú ara wọn rí i ní oṣù Kẹta ọdún. Kì í ṣe gbogbo ajá ni a ń gbà wọlé. Ó gbọdọ̀ ti yege ní ìdíje mìíràn ṣáájú. Ọmọ ajá tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà kò sì lè du ẹ̀bùn ní irú ìdíje bẹ́ẹ̀ rárá.

Nínú agbo, olùdarí ajá yóò mú un dúró ṣinṣin. Onídàájọ́ yóò ya ẹnu rẹ̀ wo eyín, yóò fi ọwọ́ wọ́ ọrùn, èjìká, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì ní kí a mú un rìn lọ, kí a mú un sáré bọ̀. Ìrìn yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ìlànà Ajá-Ìkookò kò wá ìtóbi nìkan. Ìtóbi pẹ̀lú eré sísá ni ó ń wá, nítorí pé ẹni tí yóò lé ìkookò bá gbọdọ̀ yára. Ajá gíga tí kò lè sáré kò sàn ju òpó ilé lọ. Bí ẹ bá fi oúnjẹ sọ ọ́ di agbára òkè nígbà ọmọdé, ìrìn rẹ̀ yóò tú àṣírí yín lójú gbogbo ènìyàn.

Irun rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣọ́ púpọ̀. Irun gbuuru ni, bí ẹni pé òjò àti ìjì ni ó gbin ín. A kì í gẹ̀ ẹ́ bí odò òdòdó inú ọgbà. A ó máa fi òòyà yà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó fi ọwọ́ fa irun tí ó ti kú ní etí àti ní ọrùn, a ó sì gé èékánná rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ó jẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kàn án, kí ó sì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn láìfà. Láti ìgbà tí ó ṣì kéré ni a ti ń kọ́ ọ, nítorí pé ajá tí ó wúwo tó olúwa rẹ̀ kò ṣeé fi agbára fà nígbà tí ó bá dàgbà tán. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń bèèrè ohun tí sùúrù lè ṣe nínú iṣẹ́ yìí, kí a dárúkọ ìyáàfin Florence Nagle fún un. Ní 1894 ni a bí i, ní 1913 ni ó sì ra Ajá-Ìkookò rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó tọ́ wọn la ogun méjèèjì já. Ní 1960, Sulhamstead Merman, tí òun àti obìnrin mìíràn jọ ni ín, gba ipò kìíní láàrin gbogbo ajá tí ó wá sí Crufts. Ẹ ka ọdún náà: ọdún 47 ni ó wà láàrin ajá àkọ́kọ́ àti adé náà. Sùúrù rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ọ̀lẹ. Nígbà tí àwọn aláṣẹ eré ẹṣin kọ̀ láti fún obìnrin ní ìwé àṣẹ láti máa tọ́ ẹṣin ìdíje, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì rí ìwé àṣẹ náà gbà ní 1966. Ó tún bá Kennel Club jà nítorí pé wọn kò gba obìnrin sí ẹgbẹ́. Kí ọdún 1979 tó parí, ìlẹ̀kùn ti ṣí fún àwọn obìnrin. Ní 1988 ni ó jáde láyé.

ÀRÙN TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀

Àrùn mẹ́ta ni olówó Ajá-Ìkookò kò gbọdọ̀ ṣàìmọ̀.

Èkíní ni ikùn wíwú. Ikùn a máa kún fún afẹ́fẹ́, a sì máa yí po, tí ohun inú rẹ̀ kò fi lè gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí ajá ń fẹ́ bì tí kò rí nǹkan kan bì, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì le bí ìlù, ẹ má ṣe dúró di òwúrọ̀. Wákàtí díẹ̀ ni ó wà láàrin rẹ̀ àti ikú, iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó sì lè gbà á. Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má sì jẹ́ kí ó sáré kété tí ó bá jẹun tán. Àwọn oníṣègùn mìíràn a máa rán ikùn náà mọ́ ara ṣáájú, kí ó má bàa lè yí.

Èkejì ni àrùn ọkàn. Ọkàn tí ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara a máa fẹ̀, agbára rẹ̀ a sì máa dínkù láìsí àmì lóde. Nítorí náà ni àwọn olùtọ́jú rere a máa mú ajá wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn lọ́dọọdún, kí a lè yẹ ọkàn rẹ̀ wò, àní bí ó tilẹ̀ ń fò tí ó sì ń ṣeré.

Ẹ̀kẹta ni jẹjẹrẹ egungun. Bí ajá tí ó ti tó ọdún 4 tàbí 5 bá ń tiro, tí títiro náà kò sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé ó fi ẹsẹ̀ gbá òkúta ni. Ẹ mú un lọ kí a fi ẹ̀rọ wo egungun náà.

Bí iṣẹ́ abẹ kan bá sì dé, ẹ rán oníṣègùn létí pé ajá tí ń fi ojú dọdẹ ni. Ọ̀rá kò pọ̀ lára wọn, àwọn oògùn oorun kan sì wà tí kì í tètè kúrò nínú ara wọn bí i ti ajá mìíràn.

Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ FÚN ẸNI TÍ Ó FẸ́ RÀ

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn ń ra ajá ńlá láti ìlú òkèèrè báyìí, fún ṣíṣọ́ ilé tàbí fún iyì. Ẹni tí ó ń wá olùṣọ́ kò ní iṣẹ́ pẹ̀lú Ajá-Ìkookò, gẹ́gẹ́ bí a ti wí. Ilẹ̀ tútù tí òjò ń rọ̀ sí ni ó ti wá, irun rẹ̀ nípọn, ara ńlá kì í sì í tètè tu. Oòrùn ọ̀sán wa lè pa á. Ohun tí a sọ nípa oúnjẹ, egungun, ikùn àti sùúrù, gbogbo ajá ńlá ni ó kàn, irú èyí yòówù tí ó wà lẹ́yìn ọgbà yín.

Ní ìlú òyìnbó, ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó má ṣe bèèrè pé mélòó ni baba rẹ̀ ga. Kí ó bèèrè pé: ọdún mélòó ni baba àgbà àti ìyá àgbà rẹ̀ lò láyé? Kí ni ó pa wọ́n? Ṣé a ti yẹ ọkàn ìyá rẹ̀ wò? Olùtọ́jú tí ó bá mọ ìdáhùn, tí kò sì bínú sí ìbéèrè náà, ni kí ó bá dúnàádúrà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí tirẹ̀ bímọ, kí ó dúró títí ọjọ́ orí yóò fi fi hàn bí ara rẹ̀ ti le tó. Nítorí pé bí a bá ń kánjú mú ọmọ láti ara ajá tí yóò kú ní ọdún 4, ikú náà ni a ń gbìn sínú ilé ẹlòmíràn.

Àti fún ẹ̀yin òbí: ọmọ tí ẹ bá ra irú ajá bẹ́ẹ̀ fún nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 3, ó ṣeé ṣe kí ó ti bá yín sin ín kí ó tó pé ọdún 10. Ẹ má ṣe fi èyí pamọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àlejò ọlọ́lá ni ó wọ ilé yín, tí kò ní í pẹ́, nítorí náà kí a má ṣe fi ọjọ́ rẹ̀ kan ṣòfò nínú ìnira tí ọwọ́ wa fà. Kò sí ẹni tí ó lè fi gígùn kún ọdún 7 náà nípa sísáré. Ṣùgbọ́n nípa sùúrù, nípa oúnjẹ tí ó wọ̀n níwọ̀n, ibùsùn rírọ̀, ojú tí ń ṣọ́ àrùn, àti ọwọ́ tí kì í nà án, a lè jẹ́ kí ọdún 7 náà pé fún un, kí ó sì jẹ́ ọdún ayọ̀.